Rọ́bà gìgísẹ̀, kánfáàsì tòkunbọ̀, bàtà alẹ́: èwo ló yẹ kí á náwó lé lórí nítorí gìgísẹ̀ ríro?

Bí ẹ bá wọ ilé kẹ́míìsì láti Kábbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, tí ẹ ní gìgísẹ̀ ń dùn yín, ẹ kò ní jáde lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á gbé róòbù fún yín, wọ́n á ka oògùn ara ríro sínú ọ̀rá, bóyá wọ́n á tún fi abẹ́rẹ́ lé e. Rọ́bà kékeré tí wọ́n ń tì sínú bàtà lábẹ́ gìgísẹ̀, tó yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn, àfi kí ẹ bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó lọ tú páálí wá a. Nínú gbogbo ọjà tí a gbé yẹ̀ wò níbí, rọ́bà yẹn la fi ṣe èkíní. Kánfáàsì tòkunbọ̀ tó ṣì le ló tẹ̀lé e. Aṣọ ìnura tó wà nílé yín, èyí tí ẹ máa fi ṣe ìdárayá ẹsẹ̀, ló ṣe ìkẹta, òun kò sì ní owó. Bàtà alẹ́, èyí tí wọ́n ń wọ̀ sùn, wà fún àwọn kan, kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ní ti sílípáàsì ẹlẹ́gùn-ún, ìtẹ́ bàtà onímágínẹ́ẹ̀tì àti abẹ́rẹ́ orí káńtà, ẹ kúkú fi owó yín ra iṣu.

Kí ẹ tó yọ owó rárá, ẹ rí i dájú pé irú ìrora tí ọjà wọ̀nyí wà fún ló ń ṣe yín. Plantar fasciitis ni àwọn dókítà ń kọ sí káàdì. Iṣan pẹlẹbẹ kan tó nípọn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ eegun gìgísẹ̀, ó gba gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kọjá, ó sì parí sí ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Òun ló ń gbé ihò àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń rìn, tí gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí àwọn ọmọ ìka sì tẹ̀ sẹ́yìn, iṣan yìí á le tantan bí ọsán ọrun tí wọ́n fà. Ibi tó ti so mọ́ eegun, lápá inú gìgísẹ̀, ni gbogbo agbára náà ń pàdé sí. Bí iṣẹ́ bá ju ohun tó lè gbé lọ fún ìgbà pípẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́ níbẹ̀, á nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ìwòsàn rẹ̀ kò sì ní bá ìfàya rẹ̀ dọ́gba.

Àmì rẹ̀ kì í pamọ́. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló ń dùn jù lọ. Bí ẹ bá rìn díẹ̀, á rọjú. Bí ẹ bá jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, tí ẹ sì dìde, ó tún dé. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ ìdúró gbọọrọ, gìgísẹ̀ á máa ro. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ abẹ́ gìgísẹ̀ lápá inú, níwájú díẹ̀, níbi tí egungun ti parí tí ihò àtẹ́lẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn nítorí ìrora, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ẹ tún tẹ ibẹ̀. Bó bá le sí i, a jẹ́ pé òun ni.

Gìgísẹ̀ tó la nínú ọyẹ́ kì í ṣe òun. Ìyẹn wà lórí awọ, ojú lásán la fi ń rí i, òrí ló sì ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni eegun ṣóńṣó tí wọ́n máa ń fi hàn yín nínú àwòrán ẹ́ksíréè, tí wọ́n á ní òun ló ń gún yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní eegun yẹn lábẹ́ gìgísẹ̀ tí kò sì dùn wọ́n rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta iṣẹ́ abẹ fún yín nítorí àwòrán nìkan.

Àwọn kan kò gbọdọ̀ ra nǹkan kan kí wọ́n tó rí dókítà. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wú, tó pọ́n, tó sì ń gbóná, tàbí tí ibà bá a rìn. Ẹni tó gbọ́ “pọ́ọ̀” lábẹ́ ẹsẹ̀ lójijì tí kò sì lè tẹlẹ̀ mọ́. Ẹni tí ìrora rẹ̀ ń jí i lóru nígbà tó sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí wọ́n sì fún un pọ̀, ibẹ̀ ló ń dùn jù, nítorí eegun lè ti sán. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, tó ń kú tipiri, tàbí tí kò mọ nǹkan mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tí gìgísẹ̀ méjèèjì ń dùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń le gan-an láàárọ̀. Aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Onítọ̀ọ̀ ṣúgà, pàápàá. Ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ ń bẹ, ti ìjọba àpapọ̀ ń bẹ ní Lọ́kọ́ja. Ọmọdé tó wà láàárín ọdún 8 sí 14 tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ń dùn lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, eegun tó ń dàgbà ni.

Ó kù àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, wọ́n sì pọ̀ ní ilẹ̀ Òkun wa, láti Kábbà dé Ẹ̀gbẹ̀: ìyá tó ń gún iyán lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì láìwọ bàtà, tísà tó ń dúró níwájú pátákó láti àárọ̀, àgbẹ̀ tó ń kọ ebè nínú bàtà òjò tí kò ní nǹkan kan nínú, àwọn tó ń ṣa kaṣú káàkiri oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún 40 sí 60 ló wọ́pọ̀ jù sí. Bí ara bá tún wúwo, tàbí tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá le, ẹrù iṣan náà á pọ̀ sí i.

Ó yá, rọ́bà gìgísẹ̀. Sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe é, ó rọ̀, ó mọ́lẹ̀ tàbí kó ní àmì búlúù ní ojú ibi tí ìrora máa ń wà, etí rẹ̀ sì gbé sókè yíká kí gìgísẹ̀ lè jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni jókòó sínú àwo. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe. Ó gba ìjà ilẹ̀ líle. Ó gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀, kí iṣan ẹ̀yìn má baà fà á jù. Etí rẹ̀ tún kó ọ̀rá tí Ọlọ́run fi sábẹ́ gìgísẹ̀ jọ sójú kan kí ó má tàn ká, ìyẹn ni pé ara yín gan-an á tún di tìmùtìmù fún yín. Èyí tó jẹ́ pẹlẹbẹ, tí kò ní etí, kò lè ṣe iṣẹ́ kẹta yìí. Ẹ má gbà á bí wọ́n bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kéré. Ní 1999, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 236. Gbogbo wọn ló ń na ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdárayá, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ 5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, nínú 100 àwọn tó fi rọ́bà sílíkóònù kún un, 95 ni ara tù. Àwọn tó lo ìtẹ́ rọ́bà lásán jẹ́ 88, àwọn tó lo ìtẹ́ onírun tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ jẹ́ 81, àwọn tó na ẹsẹ̀ nìkan jẹ́ 72. Àwọn tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó ṣe ìtẹ́ tiwọn, èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, 68 péré. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá san owó ńlá kí òun wọn ẹsẹ̀ yín fún ìtẹ́, tí ẹ kò tíì lo rọ́bà yìí, ẹ dá a lóhùn pé ó di ìgbà tó bá ṣe.

Bí ẹ ṣe máa mọ ojúlówó rèé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀. Ó yẹ kó wọlé, kó sì padà bọ̀ sípò lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó padà, á tẹ́ lábẹ́ yín láìpẹ́. Bí ọwọ́ yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn láti òkè àti ìsàlẹ̀, ó ti rọ̀ jù fún ẹni tó sanra. Bó bá le bí ike, kì í ṣe sílíkóònù, ike tí wọ́n ya bíi rẹ̀ ni, ó sì wà lọ́jà dáadáa. Ẹ gbé gìgísẹ̀ yín lé e níbẹ̀: etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí gìgísẹ̀ ká láìfún un. Àléébù tó pọ̀ jù ní ilé kẹ́míìsì wa ni pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kó wá, ti obìnrin, ẹni tó bá ń wọ bàtà 44 á sì rí i pé gìgísẹ̀ òun jókòó lórí etí rọ́bà dípò inú rẹ̀. Èyí burú ju kí á má lò ó lọ.

Méjì ni kí ẹ máa tì sí bàtà, kódà bó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ló ń dùn. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sínú bàtà ọ̀tún nìkan ti sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún di gígùn ju òsì lọ, ìbàdí á sì gbọ́ sí i. Ó fẹ́ bàtà tó jìn lẹ́yìn. Nínú bàtà obìnrin tí kò jìn, ṣe ni gìgísẹ̀ á máa yọ jáde. Nínú sílípáàsì, kò ṣiṣẹ́ rárá. Nínú bàtà òjò àgbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ẹ yọ ọ́ jáde nírọ̀lẹ́, nítorí iyanrìn tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ á jẹ ẹ́ wẹ́. Bó bá ń yọ̀ síwájú nínú bàtà, eruku ló pa ojú rẹ̀. Ọṣẹ àti omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sí ibòji. Ẹ má fi páúdà sí i.

Ìtẹ́ bàtà gígùn, èyí tó lọ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka tó sì ga lójú ihò àtẹ́lẹsẹ̀, dára fún ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ àti fún ẹni tí ihò tirẹ̀ jìn jù. Ibi gíga yẹn ni kí ẹ tẹ̀. Bí ìka kan bá lè tẹ̀ ẹ́ rẹ́, ara yín tó jẹ́ kílò 70 tàbí 80 á tẹ̀ ẹ́ rẹ́ kí ẹ tó dé gáréèjì. Ẹ yọ ìtẹ́ tó wà nínú bàtà tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó tì í sí i. Ọjọ́ kìíní, wákàtí kan sí méjì tó. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúnkún ló máa kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀. Fún ẹlòmíràn, rọ́bà gìgísẹ̀ tó.

Rọ́bà tó dára nínú bàtà tó ti kú, owó òfo ni. Ìdí nìyí tí a fi gbé kánfáàsì tòkunbọ̀ sí ipò kejì, torí lórí àtẹ òkìríkà ni ẹ ti lè rí bàtà eré ìje gidi ní owó tí tuntun ayédèrú kò lè bá du. Ṣùgbọ́n ẹ má wo àwọ̀. Ẹ fi ìka fún ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ń di gìgísẹ̀ mú: kò gbọdọ̀ wó. Ẹ di iwájú àti ẹ̀yìn mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: ibi ọmọ ìka ló yẹ kó ti tẹ̀, bó bá ká ní àárín, ẹ gbé e padà, nítorí àárín yẹn gan-an ni iṣan yín wà. Ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ; kó yí díẹ̀, kó má yí pátápátá. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì kí ẹ wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Tòkunbọ̀ ni, ẹnì kan ti rìn ín kí ó tó dé ọwọ́ yín, bí ẹni yẹn bá sì ń tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, bàtà náà á ti fì síbẹ̀, á sì máa fi yín síbẹ̀ náà.

Ohun kan tí àwọn oníṣòwò kì í sọ ni pé fóòmù abẹ́ bàtà máa ń darúgbó nínú báálì, ì báà jẹ́ pé wọn kò wọ bàtà náà rí. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà. Bó bá le gbagidi, tàbí tó ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ojú àgbà, ó ti kú, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì ṣí nínú oòrùn oṣù kejì. Ẹ̀yìn bàtà yẹ kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ga ju iwájú rẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì mú rọ́bà gìgísẹ̀ yín dání láti fi dán an wò, kí ìka ọwọ́ kan lè wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti ìmú bàtà.

Nínú ilé ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ohun tí wọ́n tún ṣe lọ́sàn-án jẹ́. Sílípáàsì ilé ìwẹ̀ tó tẹ́ pẹlẹbẹ kò yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ òfìfo, ẹsẹ̀ òfìfo lórí táìsì tàbí sìmẹ́ǹtì ló sì ń tọ́jú ìrora yìí. Ẹ gbé sáńdà tó ní okùn lẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kó jẹ́ òun ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀. Bí kò bá ga lẹ́yìn, ẹ gbé e lọ bá aránbàtà. Ẹ ní kó gé fóòmù líle tó máa ga ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní gìgísẹ̀, kó fá a wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi parẹ́ ní àárín bàtà, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. A ka iṣẹ́ yìí sí èyí tó dára jù tí owó kékeré lè rà ní ìgboro wa, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn kì í bèèrè rẹ̀.

Sílípáàsì ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò kò ní etí, kò gbé gìgísẹ̀ sókè, ó sì ń gún ibi tó ti ń dùn tẹ́lẹ̀. Onítọ̀ọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lè fi dá ọgbẹ́ sí ara rẹ̀ láìmọ̀. Ìtẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 101, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2003: èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì àti ayédèrú tí kò ní in, ọgbọọgba ni wọ́n.

Aṣọ ìnura ló kàn, a ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí ohun tó ń gba ìrora lójoojúmọ́ ni rọ́bà àti bàtà, èyí tó ń mú iṣan padà lágbára ni ìdárayá. Ti àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ fẹ́ aṣọ. Kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀ láàárọ̀, ẹ jókòó sí etí ibùsùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orúnkún kejì. Ẹ di àwọn ọmọ ìka mú ní ìdí wọn, ẹ fà wọ́n sẹ́yìn sí ọ̀nà ojúgun. Ẹ fi ọwọ́ kejì kan ihò àtẹ́lẹsẹ̀. Bí iṣan ibẹ̀ kò bá le sí yín lọ́wọ́, ẹ kò tíì fà á tó. Ẹ ka 10, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni, ẹ sì fi ti àárọ̀ ṣe èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àwọn méjì yòókù, ẹ ṣe wọ́n kí ẹ tó dìde lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dé ẹsẹ̀ nítorí ikùn tàbí ìbàdí, kó fi aṣọ ìnura kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ lójú ọmọ ìka, kó na ẹsẹ̀ síwájú, kó sì fà á.

Lẹ́yìn náà, ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Ẹ dojú kọ ògiri, ẹ gbé ọwọ́ lé e, ẹsẹ̀ tó ń dùn wà lẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ nà. Ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn ojúgun á fi fà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀, nítorí iṣan méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ kì í gbọ́ bí orúnkún bá nà. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yà síta. Ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri gan-an.

Èyí tó lágbára jù ni gbígbé gìgísẹ̀ sókè. Ní Dẹ́nmáàkì ni wọ́n ti dán an wò, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015. Ẹ ká aṣọ ìnura kó le, ẹ gbé e sí etí àtẹ̀gùn tàbí búlọ́ọ̀kù tí kò mì, ẹ gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lé e kí wọ́n lè tẹ̀ sókè, kí gìgísẹ̀ sì wà ní afẹ́fẹ́. Ẹ di ògiri mú. Ẹsẹ̀ kan ni: ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 3 gòkè, ẹ dúró fún 2, ẹ fi 3 sọ̀kalẹ̀. Ẹ ṣe é ní 12, ẹ sinmi, kó di ọ̀nà 3. Ọjọ́ kan, ẹ fo ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn nínú báàgì iléèwé, ìgò omi lítà 1 jẹ́ kílò 1, kó tó èyí tí ẹ kò fi ní lè ṣe ju 10 lọ, ọ̀nà 4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ fi ẹrù kún un, ó di 8, ọ̀nà 5. Ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ kan ṣe é, kó fi méjèèjì bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù 3, àwọn tó ṣe èyí sàn ju àwọn tó kàn na ẹsẹ̀ lọ; ní oṣù 12, wọ́n ti bá ara wọn dọ́gba. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìkánjú. Ẹni tó ń fò sókè-sódò bí ẹni ń jó kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó sì ń ṣe é lójoojúmọ́ kò fún iṣan láyè láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ìrora díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é kò burú. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì le ju ti àná lọ, ẹ dín ẹrù kù.

Yìnyín: pọ́ọ̀wọ́tà dídì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ti tó, ẹ kò nílò àpò yìnyín ti kẹ́míìsì, pàápàá níbi tí iná kì í dúró. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ ìgò ike ni ẹ fẹ́ máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ má bu omi kún un dé ẹnu, torí omi tó bá dì máa ń wú, á sì fọ́ ọ. Ìrora ló ń pa, kò wo iṣan. Onítọ̀ọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ náà ni omi gbígbóná.

Bàtà alẹ́, tí wọ́n ń pè ní night splint, ni èyí tí ẹ máa wọ̀ sùn. Ó ń di ọrùn ẹsẹ̀ mú kó má baà rọ̀ sílẹ̀ lóru, kí iṣan má sì sùn ní kíká. Ìyẹn ló fi ń dín ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ kù. Ó ṣeé ṣe kó gba oṣù 1 sí 3. Ẹni tí ìrora rẹ̀ ti ju bí oṣù 6 lọ, tí àárọ̀ sì ni ìṣòro rẹ̀ gan-an, òun ló yẹ kó rà á. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó gba ẹ̀yìn ojúgun àti abẹ́ ẹsẹ̀ bíi bùútù, àti èyí tó gba iwájú ojúgun nìkan. Nínú ooru tiwa, nígbà tí fáànù kò ṣiṣẹ́, ti iwájú ni kí ẹ rà, torí ti bùútù ni àwọn ènìyàn máa ń já sọnù ní àjìn òru. Ẹ má fà á ju ibi tí ẹsẹ̀ ti dúró ṣánṣán lọ lọ́jọ́ kìíní. Bí ọmọ ìka bá kú tipiri, ẹ tú okùn rẹ̀. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ rìn lọ sí ilé ìgbẹ́ lóru, ó ń yọ̀ lórí táìsì. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja gẹ́gẹ́ bíi wéébíìlì, nọ́ńbà bàtà yín ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwọ̀n tó wà lára páálí kí mọ́tò tó gbéra.

Róòbù ń gbóná, ó ń ta sánsán, ọwọ́ tó fi ń pa á ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kò pa yín lára. Ẹ fi òrí ilé ṣe é bó bá wù yín. Oògùn bí ibuprofen àti diclofenac ń mú ara rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ lò wọ́n. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, kó bi dókítà kó tó lò ó. Èyí tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ ara wọn sínú ọ̀rá láìsí orúkọ, ẹ dá a padà.

Abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì sínú gìgísẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń gbé e, ó sì lè já iṣan náà, ó sì lè jẹ ọ̀rá abẹ́ gìgísẹ̀ tí kò ní hù mọ́. Nínú ènìyàn 10 tó ní àìsàn yìí, bíi 8 tàbí 9 ló ń sàn láàárín ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ, nítorí náà kò sí ohun tó ń lé yín. Dókítà tó mọ ibẹ̀ nìkan ló yẹ kó fún un, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi oṣù bíi mélòó kan ṣe àwọn tòkè wọ̀nyí láìjáwọ́. Èyí tí wọ́n sì fẹ́ gún sí ìdí yín lórí káńtà nítorí gìgísẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ tó wà lára ìgò rẹ̀ sí yín létí kí ẹ tó tú aṣọ.